Bàálù Tó Gbéra Láìsí Awakọ̀

Ìyá ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka kan gíláàsì fèrèsé, ó ní, "Àwọn igi ń rìn."

Mo wo ìta. Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn wáyà pápá ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń lọ lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí okùn rẹ̀ tú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Mo yíjú sí àga awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òfìfo ni. Ẹ́ńjìnnì ń ké níwájú wa, fáànù irin ń yí débi pé ojú kò rí i mọ́. Bàálù ń lọ, kò sì sí ẹlòmíì nínú rẹ̀ ju èmi, ìyá ọkọ mi, àti ọmọ mi kan ṣoṣo.

Ọdún Udoji ni, ọdún tí ìjọba fi owó ńlá kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Owó epo ti wọ Warri bí òjò ṣe ń wọ ilé tí kò ní òrùlé. Ilé tuntun ń yọ bí olú lójú ọ̀nà Jakpa, àwọn tó wá láti Èkó àti Ìbàdàn kún gbogbo yàrá tó wà fún háyà, bàálù kékeré kì í sì í jẹ́ ká gbọ́rọ̀ ara wa ní Enerhen níbi tí à ń gbé. Ọkọ mi, Ọlágbénró, ló mú mi wá sí ìlú náà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà, òun ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé ní ẹnu odò. Wọ́n rí ọkọ̀. Wọ́n rí fìlà. Omi kò dá òun fúnra rẹ̀ padà.

Àbẹ̀kẹ́ ló fi sílẹ̀ fún mi. Imú bàbá rẹ̀ ni imú ọmọ náà, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ló ń rín. Láti ìgbà tó ti lọ, ohun gbogbo tó lè pa ọmọdé ni mo ń bẹ̀rù: ibà, kànga, mọ́tò, egungun ẹja. Bí ó bá sùn lọ́sàn-án tí oorun rẹ̀ wúwo, màá gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mí. Yóò lajú, yóò ní, "Mama, I never die o." Inú ìlú Warri ló dàgbà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, ṣùgbọ́n Pijín ló fi ń dá wa lóhùn.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé lẹ́yìn ìsìnkú tí kò ní òkú. Ìyádùnní ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi pe orúkọ ìyá ọkọ mi? Màmá ni mò ń pè é. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, inú ilé tó dúró lórí òpó nínú omi, kò sì sí iṣẹ́ àwọ̀n tàbí iṣẹ́ ẹja tí kò mọ̀. Kì í pariwo. Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti parí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò tíì dá a lóhùn padà rí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tíṣà obìnrin ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé míṣọ́nnì tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú: ẹni tó bá mọ̀ wà lókè, ẹni tó ń kọ́ wà nísàlẹ̀, ohùn ẹni ìsàlẹ̀ kì í ròkè.

Lẹ́yìn tí omi gba ọmọ rẹ̀, Màmá búra pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́ títí a ó fi ṣe àdúrà ọdún kan. Èkó ni a ó ti ṣe àdúrà náà, ní ìjọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Èmi, ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo ìgbà ni à ń gbọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ti tẹ àwọn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Kápítéènì Bánkọ́lé ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Èkó ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun àti ọkọ mi jọ máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ayé ọkọ mi. Òun ló ń wa bàálù kékeré kan tó ní àga mẹ́rin fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ yẹ bàálù náà wò ní Ìkẹjà, òun nìkan ni yóò sì gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ tó ka ojú ìwé kan tán, a ti débẹ̀."

Mo rò pé Màmá yóò kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń bà sórí omi níwájú ilé wa, bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Irú bàálù tó ní bàtà ńlá méjì bí ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ. Ní apá ọ̀dọ̀ wọn, nínú ẹ̀ka odò, irú rẹ̀ nìkan ni àwọn elépo ń mú wá, irú rẹ̀ nìkan ni ó sì tíì rí nítòsí láyé rẹ̀. Bánkọ́lé bú sẹ́rìn-ín.

"Pẹ́pẹ́yẹ gan-an ni, Màmá! Tèmi kàn fẹ́ràn ilẹ̀ jù ni."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí n kò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ikú náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí a dé pápá, oòrùn ti yọ, èéfín ń gòkè lójú ọ̀dà. Bàálù náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Apá rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táyà mẹ́ta tí kò tó ti mọ́tò. Ọkùnrin tó máa ń so ó mọ́lẹ̀ tó sì máa ń tú u ti lọ jẹun, òjò sì ti há a mọ́ ibẹ̀, kò tíì padà. Bánkọ́lé ò lè dúró dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ pákó tí wọ́n fi dí táyà, ó sọ wọ́n sórí koríko, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ó fi Màmá sẹ́yìn àga tirẹ̀, ó fi Àbẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi èmi sí iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní kí n má fi ẹsẹ̀ kan àwọn irin tó wà nísàlẹ̀ níwájú mi, nítorí wọ́n so mọ́ èyí tí òun ń tẹ̀. Mo ká ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga bí ọmọ kíláàsì kìíní. Àdúrà tí mo gbà kò ju "Olúwa, ọmọ yìí" lọ.

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì dáhùn. Gbogbo irin náà ń gbọ̀n. Ó ti ọwọ́ irin tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára síwájú. Ariwo pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n a kò kúrò lójú kan. Ó tún tì í. Bàálù kàn ń gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi.

Ó gbá orí ara rẹ̀. "Okùn ìdí! Chai. Mi ò tíì tú okùn ìdí!"

Ó fa ọwọ́ irin kékeré kan jáde lábẹ́ àwọn aago iwájú rẹ̀, ó sì yí i. "Bíréèkì rèé. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, mo ń bọ̀."

Mo kígbe kí ó lè gbọ́ mi. "Ṣé ẹ ò ní pa ẹ́ńjìnnì ni?"

"Ó ti gbóná. Bí mo bá pa á báyìí, ọjọ́ mìíràn ló máa tó dáhùn." Ó na ìka sí irin náà, ó sì ṣẹ́jú sí Màmá. "Èyí? Ó lè dá erin dúró!"

Ó fò sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ẹ̀yìn lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bíréèkì yẹn kì í dá ohunkóhun dúró fúnra rẹ̀. Agbára tí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ti fi tẹ irin ìsàlẹ̀ ló máa ń tì mọ́bẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà nínú yàrá. Bí òróró inú rẹ̀ bá ti ń jò, ìgbà díẹ̀ ni yóò fi dì í mú. Òróró tiwa sì ti ń jò. Okùn ìdí ló dá wa dúró látìgbà náà wá. Bánkọ́lé tú okùn náà.

Nígbà náà ni Màmá rí i pé igi ń rìn.

"Mama," Àbẹ̀kẹ́ sọ, "driver no dey o."

Mo rí Bánkọ́lé tó sáré jáde lẹ́bàá ìrù bàálù, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju okùn nù. Ó lé wa bá, ó dì mọ́ irin tó gbé apá òsì dúró, ó sì ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo ẹ́ńjìnnì. Ìdìmú rẹ̀ kò dá wa dúró. Ńṣe ló ń yí wa po. Ojú bàálù kúrò níhà títì gígùn, ó yí sí apá òsì níbi tí ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀ lọ sí kòtò ńlá kan. Àwọn tó la títì pápá ló ti wa yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò ti kún un dẹ́nu. Omi rẹ̀ dúdú, òṣíbàtà bo apá kan rẹ̀.

Bánkọ́lé yọ̀. Mo rí i tó ṣubú, tó yí lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀dà, tí táyà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó dìde, ó ń tiro, ó ń sáré, ó sì fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn ara rẹ̀. Ó tún fà á. Ó tún fà á.

Níbi tí a ti dàgbà, ẹni tó bá fẹ́ búra ló máa ń fa ìka kọjá lọ́rùn. Mo rò pé ó ń búra fún mi ni. Mo rò pé ó ń sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé kí Ọlọ́run pa òun bí òun bá mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé mo mi orí sí i, bí ẹni tó ń sọ pé mo gbà ọ́ gbọ́, nígbà tí omi ń súnmọ́ wa.

Mo tú bẹ́líìtì mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi láti ju ọmọ síta. Mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i: táyà wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà gan-an, ó ń yí, ó ń ta omi òjò sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni yóò já sí. Níwájú, fáànù ń ké. N kò mọ ibi tí màá ju ọmọ mi sí.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," Màmá sọ sí mi létí. "Jókòó. Ẹni tó bá dìde nínú ọkọ̀ tó ń lọ ló ń dojú rẹ̀ dé."

Mo wẹ̀yìn. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti gbé Àbẹ̀kẹ́ sórí itan, ó ti tú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, ó sì ń so ọmọ náà mọ́ ara rẹ̀, àyà sí àyà. Ìka rẹ̀ ń yára bí ìgbà tó bá ń so àwọ̀n.

"Màmá, omi là ń lọ!"

"Mo ríran. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, á léfòó, a ó sì dúró kí wọ́n wá fà wá."

"Kò ní bàtà, Màmá! Táyà ló ní!"

"Ṣé táyà kì í léfòó ni? Kí ni àwọn ọmọ fi ń wẹ̀ lódò?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà, fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni ṣẹ́jú, mo gbà á gbọ́. Obìnrin tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí omi ní kí n jókòó, èmi sì ni ẹni tí kì í dá a lóhùn. Mo ti ilẹ̀kùn náà. Mo jókòó.

Bánkọ́lé ti tún lé wa bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Kò fa ọwọ́ kọjá lọ́rùn mọ́. Ó na ọwọ́ sókè níwájú ojú mi, ó pa ìka pọ̀, ó sì ń yí i bí ẹni tó ń ti ilé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí mi. Kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí n pa á.

Mo nà kọjá lórí àga rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ náà síhà tí mo rí i tí òun yí i sí. Ó bú ramúramù bí ìgbà tí irin ń jẹ irin. Mo yí i padà. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ kan, ó sì dákẹ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti dà, a kò sì dúró. Láìsí ariwo, bàálù ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ìró táyà nínú omi òjò. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí ariwo wà, mo lè rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé wa lọ. Ní báyìí, kò sí ẹni tó ń gbé wa lọ, a ṣáà ń lọ. Mo gbọ́ mímí ọmọ mi. Mo gbọ́ Màmá tó ń kọ orin ìjọ wọn sínú.

Mo fa ọwọ́ bíréèkì náà. Ó tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde bí òwú tó já. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀!" Ohùn Bánkọ́lé dé etí mi wàyí, ó ti há. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀! Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́! Lókè! Òkè rẹ̀!"

Mo na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ àga, mo sì fi gbogbo ara mi dúró lórí àwọn irin náà. Ti òsì wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ti ọ̀tún mú. Bàálù fi ìdí yí lójijì, kò fi imú wọ omi mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Etí kòtò yẹ̀ lábẹ́ wa. Apá òsì lu omi, gíláàsì fọ́, gbogbo wa ṣubú síhà kan.

Nígbà tí mo lajú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí mo wà ti di òkè. Nísàlẹ̀ mi, lẹ́yìn àga awakọ̀, Màmá jókòó sínú omi. Omi náà ń wọlé láti inú fèrèsé tó fọ́, ó ní òórùn epo. Ó wà ní ìbàdí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wà láyà rẹ̀, ó ń ké, mo sì ń gbọ́ igbe náà bí orin: ó wà láàyè.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi ṣí sókè. Bánkọ́lé ni. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀, ó dì mọ́ irin lọ́wọ́ kan.

"Ẹ fún mi lọ́mọ! Kíákíá, ẹrẹ̀ ni ibí, ó ń rì!"

Mo yọ́ sísàlẹ̀ láàárín àga. Mo di ọmọ mi mú lábẹ́ abíyá, mo fà á. Kò wá. Ọ̀já náà dè é pinpin mọ́ Màmá. Mo wá kókó rẹ̀ nínú omi. Kókó àwọn apẹja ni, irú èyí tí wọ́n fi ń so àwọ̀n: bí o bá ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mú sí i. Èékánná mi ṣẹ́ níbẹ̀. Omi dé àyà Màmá. Ó dé àgbọ̀n Àbẹ̀kẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi tú u."

Kò wò mí. Ojú rẹ̀ wà lára omi. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Má tú u. Mo jẹ́ kí èkejì dá lọ. Èyí ò ní dá lọ. Bó bá di lílọ, a ó jọ lọ ni."

"Màmá, kò léfòó. Ẹ wò ó. Kò léfòó!"

"Ọma mi nìyí," ó fi ohùn Ìlàjẹ sọ ọ́. Ó dì í mọ́ra sí i.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí bí èmi bá ní ọ̀já níjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n so ọmọ náà mọ́ ara mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti kan ètè rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹja, ojú bàbá rẹ̀ ló sì wà lójú rẹ̀. Nǹkan kan já nínú mi.

"Ìyádùnní!"

Bí mo ṣe pè é nìyẹn, orúkọ lásán, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹni lójú títì. N kò mọ̀ pé irú ohùn yẹn wà lọ́fun mi.

"Ìyádùnní! Tú ọmọ mi! Tú u báyìí!"

Ó wò mí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú omi. N kò rí ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀já náà tú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọn kò so ó rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ọmọ náà sókè sí mi. Mo tì í sókè sí Bánkọ́lé. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bàtà kan wà, èkejì kò sí, tí wọ́n jáde sínú oòrùn.

Màmá kò dìde. Ó jókòó sínú omi náà, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ọmọ ti jáde," ó ní. "Ó tó."

Mo dì í mú ní ọrùn ọwọ́. "Kò tó. Dìde."

Kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ó dìde.

Nígbà tí gbogbo wa dórí koríko, èèyàn ti pé jọ láti ibi gbogbo: àwọn òṣìṣẹ́ pápá, ọlọ́pàá kan, àwọn tó ń kọjá lójú títì. Bàálù náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò, apá kan sókè. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Captain, na plane be dis abi na canoe?" Òmíràn ní, "E dey find fish!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí àwọn ará Warri ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rù bá ti kọjá lára wọn. Bánkọ́lé kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Léraléra ló ń sọ pé, "Pákó. Kí n ṣáà ti fi pákó yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Pákó lásán."

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ wà nínú ọwọ́ mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo pe orúkọ yín. Mo pàṣẹ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ó ń fún omi kúrò nínú aṣọ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí bàbá ọkọ rẹ ti kú," ó ní, "kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá tàbí Màmá ni gbogbo ayé ń pè mí." Ó tún fún aṣọ náà. "Mo ti gbàgbé pé èmi ni wọ́n ń pè."

Mo dorí kodò.

"Mama," Àbẹ̀kẹ́ sọ, "you dey pain me."

Mo wo ọwọ́ mi. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú débi pé àwọ̀ ibẹ̀ ti yí padà. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo sọ fún ìka mi pé kí wọ́n ṣí, wọn kò ṣí. Mo tún gbìyànjú. Wọ́n kọ̀, bí ẹni pé wọn kì í ṣe tèmi mọ́, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́.

Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí lórí koríko. Ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀ tòun ti ọwọ́ ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka tó kéré jù. Ó ṣí i. Ó dì í mú kó má baà padà. Ó ṣí èyí tó tẹ̀lé e. Kò kánjú, títí ọmọ náà fi bọ́.